Ibi tí ọkọ̀ ẹja kékeré lè wọ òkun dé láìséwu: ìtọ́sọ́nà fún àwọn atukọ̀ etíkun Èkó àti Ìlàjẹ

Ìbéèrè tí àwọn apẹja tuntun sábà máa ń bi àwọn àgbà ní etíkun wa, láti Badagry títí dé ilẹ̀ Ìlàjẹ, ni pé máìlì mélòó ni ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kan lè wọ inú òkun kí ó tó di ewu. Iye kan ṣoṣo ni wọ́n sábà máa ń rí gbà bí ìdáhùn, bí ẹni pé bákan náà ni òkun oṣù Kejìlá àti òkun oṣù Kẹrin rí. Èrò tèmi ni pé wákàtí ni ó yẹ kí á fi wọn ọ̀nà náà: bí nǹkan bá yí padà lójijì, tí àwọ̀n àti ẹja sì wà nínú ọkọ̀, báwo ni yóò ti pẹ́ tó kí ẹ tó dé èbúté láti ibi tí ẹ wà? Ẹni tí ó bá mọ ìdáhùn ìbéèrè yìí ní àárọ̀ kọ̀ọ̀kan yóò mọ iye máìlì tí ó tọ́ sí i lọ́jọ́ náà.

Ọkọ̀ tí mo ní lọ́kàn ni èyí tí ọ̀pọ̀ apẹja wa ń lò, tí kò ní òrùlé, tí gígùn rẹ̀ kò ju mítà mẹ́jọ lọ, tí ó sì ń lo ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo ní ìdí. Máìlì tí mo ń sọ jẹ́ máìlì ojú òkun, èyí tí ọ̀kan rẹ̀ jẹ́ mítà 1,852, tí márùn-ún rẹ̀ sì lé díẹ̀ ní kìlómítà mẹ́sàn-án.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ dán ọkọ̀ náà wò nínú ọ̀sà

Ẹ gbé ọkọ̀ náà lọ sí ibi tí omi ọ̀sà kò ti kọjá àyà, kí ẹ sì kó gbogbo ohun tí yóò wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ iṣẹ́ sí i: ẹ́ńjìnnì, kẹ́ẹ̀gì epo, àwọ̀n, yìnyín àti àwọn èèyàn, pẹ̀lú àpò iyanrìn dípò ẹja tí ẹ ń retí. Ẹ wá wo ibi tí etí ọkọ̀ ti súnmọ́ omi jù. Bí ohun tí ó kù láàrin etí ọkọ̀ àti omi kò bá tó láti ìgbọ̀nwọ́ dé orí ìka, ìyẹn nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 45, ẹrù náà ti pọ̀ jù fún òkun. Kì í ṣe òfin ìjọba ni mo ń kà yìí. Òun ni mo gbà pé ó kéré jù, kí ìgbì tí kò tó nǹkan má baà máa da omi sínú ọkọ̀.

Ìdánwò kejì ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sá fún. Ẹ tú ẹ́ńjìnnì kúrò, ẹ so àpò iyanrìn tí ó wúwo tó o mọ́ ipò rẹ̀, kí ẹ sì rọ omi kún inú ọkọ̀ pátápátá. Ọkọ̀ onípákó sábà máa ń léfòó síbẹ̀, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ yóò rì nítorí pé ẹ́ńjìnnì agbára ẹṣin 15 lásán ju 30 kílò lọ. Ọkọ̀ fáíbà tí a kò fi fóòmù sí abẹ́ ìjókòó rẹ̀ lè lọ sí ìsàlẹ̀ tààrà. Àtúnṣe rẹ̀ kò wọ́n: kẹ́ẹ̀gì òfìfo lítà 25 kan tí a dé pinpin, tí a sì so mọ́ abẹ́ ìjókòó, lè gbé nǹkan bíi kílò 25 ró. Ẹ so mẹ́ta tàbí mẹ́rin sí apá ìdí, ẹ so méjì sí iwájú, kí ẹ sì tún dán an wò. Títí tí ọkọ̀ náà yóò fi lè léfòó nígbà tí omi bá kún inú rẹ̀, inú ọ̀sà ni kí ó wà.

Bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ fáíbà tí a kó wá láti Yúróòpù, ẹ wá àwo kékeré tí a kọ A, B, C tàbí D sí lára. Omi tí a dáàbò bò, bí ọ̀sà àti odò, ni a ṣe D fún. C lè rìn ní etíkun nígbà tí ìgbì kò bá ju mítà méjì lọ.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wọn epo àti eré

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí ẹlòmíràn sọ nípa iye epo tí ẹ́ńjìnnì yín ń mu. Ẹ fi àmì sí ara kẹ́ẹ̀gì, ẹ fi wákàtí kan wa ọkọ̀ pẹ̀lú ẹrù ní eré tí ẹ máa ń sá gan-an, kí ẹ sì wọn iye lítà tí yóò dá a padà sí àmì náà. Fóònù lè sọ eré ọkọ̀ fún yín nítorí pé GPS inú rẹ̀ kò nílò nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹ ṣe é ní ẹ̀ẹ̀mejì, nígbà tí ọkọ̀ fúyẹ́ àti nígbà tí ó wúwo.

Ìlànà tí àwọn atukọ̀ káàkiri ayé ń tẹ̀ lé ni pé kí á pín epo sí mẹ́ta: ìdá kan fún àlọ, ìdá kan fún àbọ̀, ìdá kan fún ohun tí a kò rò tẹ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò ọkọ̀ kan tí ó ń mu lítà márùn-ún ní wákàtí kan, tí ó ń sá máìlì mẹ́jọ ní wákàtí nígbà tí ó fúyẹ́, tí ó sì ń sá mẹ́fà nígbà tí ẹja àti àwọ̀n tútù bá wà nínú rẹ̀. Bí epo rẹ̀ bá jẹ́ lítà 25, ìdá kan á lé ní lítà mẹ́jọ, èyí sì lè gbé e lọ sí máìlì 13. Ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́ padà pẹ̀lú ẹrù láti ibẹ̀, ó ju wákàtí méjì lọ, ó sì máa gbà ju lítà mẹ́wàá lọ, a jẹ́ pé ó ti ń jẹ nínú epo pàjáwìrì. A kò tíì ka epo tí ó jó nígbà tí wọ́n ń da àwọ̀n tí wọ́n sì ń kó o. Nítorí náà, ìdá àbọ̀ ni kí ẹ fi ẹrù ṣe ìṣirò rẹ̀, kí èyí sì máa pinnu àlọ. Kódà lẹ́yìn gbogbo èyí, epo yóò sábà sọ pé ẹ lè lọ jìnnà ju bí ó ti yẹ lọ. Nǹkan mìíràn ni yóò dá yín dúró.

Bí ẹ́ńjìnnì yín bá jẹ́ irú èyí tí a ń po ọ́ìlì mọ́ epo fún, ẹ po gbogbo rẹ̀ ní ilẹ̀, títí kan ti pàjáwìrì, kí ẹ sì fi aṣọ tàbí asẹ́ sẹ́ epo náà kí omi má baà wà nínú rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ jẹ́ kí ojú ọjọ́ pinnu máìlì

Orí ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ kí á dúró sí pẹ́. Ewu tí ó máa ń yára dé bá ọkọ̀ kékeré jù ní etíkun wa ni ìjì òjò tí ń ti ìlà-oòrùn wá, pàápàá láti oṣù Kẹta sí Karùn-ún àti láti oṣù Kẹsàn-án sí Kọkànlá. Ìkùukùu dúdú yóò yọ ní apá ìlà-oòrùn, ìsàlẹ̀ rẹ̀ a tẹ̀ bí ọrun. Afẹ́fẹ́ ìwọ̀-oòrùn-gúúsù tí ó ti ń fẹ́ láti àárọ̀ yóò dákẹ́, ooru yóò mú, lẹ́yìn náà ni afẹ́fẹ́ tútù yóò já wọlé lójijì láti apá ibi tí ìkùukùu wà. Agbára rẹ̀ lè kọjá 40 máìlì ní wákàtí, òjò a sì bo gbogbo ilẹ̀ tí ẹ kò fi ní rí i mọ́. Ó lè má ju wákàtí kan lọ kí ó tó kọjá, àmọ́ ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ti tó láti dojú ọkọ̀ dé.

Irú ìjì báyìí máa ń rìn ní nǹkan bíi kìlómítà 50 sí 60 ní wákàtí. Bí ẹ bá rí ìkùukùu rẹ̀ nígbà tí ó ṣì wà ní kìlómítà 40, ẹ ní nǹkan bíi ìṣẹ́jú 45 kí ó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ yọ ìṣẹ́jú 15 kúrò fún kíkó àwọ̀n tàbí sísọ ọ́ sí omi pẹ̀lú àmì. Ìṣẹ́jú 30 ni ó kù, ọkọ̀ tí ó ní ẹrù, tí ó ń sá máìlì mẹ́fà ní wákàtí, yóò sì rin máìlì mẹ́ta nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti mú ìpinnu mi: ní àwọn oṣù ìjì, máìlì mẹ́ta ni òpin fún irú ọkọ̀ yìí, ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá sì lọ́ra jù bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ tún dín in kù. Bí àwọ̀n kò bá ṣeé kó láàrin ìṣẹ́jú 15, kí ẹ so gálọ́ọ̀nù òfìfo mọ́ okùn rẹ̀, kí ẹ sì fi í sílẹ̀. Mo mọ iye tí àwọ̀n jẹ́, mo sì mọ̀ pé ẹlòmíràn yá owó rà á. Síbẹ̀, àwọ̀n ṣeé padà wá wò lọ́jọ́ kejì.

Láti oṣù Kejìlá sí Kejì, òkun sábà máa ń rọ̀, ọ̀nà sì lè gùn dé máìlì márùn-ún ní ọjọ́ tí ojú ọ̀run bá mọ́. Ewu tirẹ̀ yàtọ̀. Kùrukùru ọyẹ́ lè pọ̀ débi pé ẹ kò ní rí ohun tí ó jìnnà tó kìlómítà kan, bí ó bá sì rí bẹ́ẹ̀, mi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti kọjá máìlì kan àti ààbọ̀ láìní kọ́ńpáàsì àti GPS. Yàtọ̀ sí èyí, afẹ́fẹ́ tí ń ti orí ilẹ̀ fẹ́ ní òru àti ní kùtùkùtù lágbára ní àsìkò yìí. Ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá kú ní àárọ̀, inú òkun gan-an ni afẹ́fẹ́ náà yóò máa tì í sí.

Oṣù Kẹfà sí Kẹjọ ni àsìkò ìgbì ńlá tí ń ti apá gúúsù òkun Àtìláńtíìkì wá. Ọjọ́ púpọ̀ ni kò ní yẹ kí ọkọ̀ kékeré jáde rárá, ojú ibi tí ìgbì ti ń fọ́ ni yóò sì sọ èyí fún yín. Ní gbogbo àsìkò, ẹ wo àsọtẹ́lẹ̀ NiMet, àjọ tí ń sọ bí ojú ọjọ́ yóò ṣe rí ní Nàìjíríà, ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú, kí ẹ sì tún wò ó ní àárọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ ka ẹnu òkun mọ́ ìrìn àjò

Ọkọ̀ tí ó wà ní máìlì mẹ́rin ní òkun tí ó parọ́rọ́ lè wà ní àlàáfíà ju èyí tí ó wà ní 100 mítà sí iyanrìn lọ. Ibi tí ìgbì ti ń fọ́ ni ọkọ̀ ti máa ń dojú dé jù, àti ní ẹnu ọ̀nà tí omi ọ̀sà ń gbà wọ òkun. Ní ẹnu òkun Èkó, nígbà tí omi bá ń fà, gbogbo omi ọ̀sà yóò máa tú jáde láàrin àwọn ògiri òkúta, yóò sì pàdé ìgbì tí ń bọ̀ láti gúúsù. Ìgbì náà yóò ga, yóò dúró ṣánṣán, yóò sì súnmọ́ ara wọn. Òjò oṣù Kẹfà àti Kẹsàn-án tún máa ń fi omi odò kún un.

Ẹ ṣètò kí ẹ lè gba ibẹ̀ wọlé nígbà tí omi bá ń kún tàbí tí ó bá kún tán. Ní etíkun wa, omi máa ń kún ní ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, àkókò rẹ̀ sì máa ń fi nǹkan bíi ìṣẹ́jú 50 sún síwájú lójoojúmọ́. Nígbà tí oṣù bá lé tuntun àti nígbà tí ó bá yọ roboto, omi máa ń sáré jù. Nítorí náà, bí omi yóò bá kún tán ní aago méjì ọ̀sán, aago kan sí méjì ni kí ẹ máa padà dé ẹnu òkun, kí ẹ sì ti ibẹ̀ ṣe ìṣirò gbogbo ìrìn àjò náà. Àwọn àgbà sọ pé bí ọkọ̀ rokun, bí ọkọ̀ rọsà, ọkọ̀ á forí f'élébùúté. Elébùúté tí ẹ ó forí balẹ̀ fún níhìn-ín ni àkókò omi.

Bí ẹ bá dé ẹ̀yìn ibi tí ìgbì ti ń fọ́, ẹ má yára wọlé. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ wo bí àwọn ńlá ṣe ń tẹ̀ léra, nítorí pé ìgbì máa ń wá ní ọ̀wọ́, àlàfo díẹ̀ a sì wà lẹ́yìn ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ wọlé ní ẹ̀yìn ìgbì tí ó kẹ́yìn nínú ọ̀wọ́ náà, kí ẹ dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ má sáré kọjá orí rẹ̀, kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kọjú sí èyí tí ń bọ̀. Kí gbogbo èèyàn ti wọ láìfù-jákẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó dé ibẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ mọ àwọn tí ẹ jọ wà lórí omi

Òfin ẹja òkun Nàìjíríà ti ọdún 1992 fi máìlì márùn-ún àkọ́kọ́ sílẹ̀ fún àwọn apẹja ọlọ́kọ̀ kékeré, ó sì ka àwọn ọkọ̀ tírọ́là tí ń fa àwọ̀n léèwọ̀ níbẹ̀. Àwọn kan máa ń rú òfin náà, pàápàá ní òru, ṣùgbọ́n lẹ́yìn máìlì márùn-ún wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti wà níbẹ̀, wọn kò sì lè tètè yà fún ọkọ̀ tí kò ní iná. Èyí jẹ́ ìdí mìíràn tí mo fi fi márùn-ún ṣe òpin fún ẹni tí ó dá nìkan lọ. Bí ọkọ̀ méjì tí wọ́n lè fa ara wọn bá jọ lọ, tí wọ́n sì ní rédíò VHF, ìyẹn rédíò tí a fi ń sọ̀rọ̀ láti ọkọ̀ sí ọkọ̀, wọ́n lè jíròrò ohun tí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ láàrin ara wọn. Ẹni tí ó bá dá lọ pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì kan kò ní ohun tí yóò fi jíròrò.

Ìta Èkó ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ńlá ti máa ń dákọ̀ró. Ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ nílò ju kìlómítà kan lọ kí ó tó dúró, ẹni tí ń wà á lè má rí yín rárá lábẹ́ imú rẹ̀. Ní ìta Ìlàjẹ, àwọn ohun èlò epo rọ̀bì wà nínú òkun, mítà 500 sì ni ààlà tí ẹ kò gbọ́dọ̀ kọjá yí wọn ká, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹja máa ń pọ̀ lábẹ́ wọn. Bí ilẹ̀ bá ṣú sí yín lórí omi, ọkọ̀ tí kò tó mítà méje, tí kò sì ń sá ju máìlì méje lọ ní wákàtí, lè tan iná funfun kan tí a lè rí yíká. Èyí tí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ ní iná pupa ní òsì àti àwọ̀ ewé ní ọ̀tún pẹ̀lú.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ mọ ọ̀nà ilé kí ẹ tó pàdánù rẹ̀

Ẹni tí ojú rẹ̀ wà ní mítà kan àti ààbọ̀ sókè omi kò lè rí iyanrìn etíkun mọ́ bí ó bá ti kọjá nǹkan bíi máìlì méjì àti ààbọ̀, nítorí pé ilẹ̀ ayé tẹ̀. Orí igi àgbọn àti ilé gíga ni yóò kù. Ẹ lè lò ó bí ìwọ̀n: lọ́jọ́ tí ojú ọ̀run mọ́, bí iyanrìn bá ti pòórá, òpin máìlì mẹ́ta ti àwọn oṣù ìjì ti súnmọ́. Ní Ìlàjẹ, etíkun jẹ́ ẹrẹ̀ títẹ́jú, kò fi bẹ́ẹ̀ sí ohun gíga tí ojú lè dì mú, òkun sì ti kó ilẹ̀ púpọ̀ ní Ayétòrò àti àyíká rẹ̀, tí àmì tí bàbá ẹni fi ń mọ ọ̀nà lè má sí níbẹ̀ mọ́. Ẹ fi àmì tuntun sí fóònù nígbà tí ẹ bá ń jáde, ní ibi tí ẹ máa gbà wọlé gan-an, kí ẹ sì fi fóònù náà sínú ọ̀rá tí omi kò lè wọ̀.

Ẹ mú kọ́ńpáàsì pẹ̀lú. Láti Badagry dé Lẹ́kkí, etíkun nà láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn, nítorí náà bí ẹ bá kọjú sí àríwá, ilẹ̀ ni ẹ ó kàn. Ní Ìlàjẹ, etíkun ti yà sí gúúsù-ìlà-oòrùn, àríwá-ìlà-oòrùn sì ni ọ̀nà tí ó kúrú jù dé ilẹ̀. Atukọ̀ Èkó tí kò mọ èyí lè máa rìn ní ẹ̀gbẹ́ etíkun náà, kí epo sì tán.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ ṣètò fún ẹ́ńjìnnì tí ó kú

Èèyàn méjì tí wọ́n fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ ẹlẹ́rù lè ṣe nǹkan bíi máìlì méjì ní wákàtí, bí wọ́n bá sì ń wà á kọjú sí ìṣàn omi, ìdajì rẹ̀ lè má kù. Fún ìdí èyí, ìdákọ̀ró ni ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa sọ sílẹ̀ kí ẹ tó tú ìdérí ẹ́ńjìnnì. Ẹ so ó mọ́ iwájú ọkọ̀, ẹ má so ó mọ́ ìdí láé, nítorí pé ìgbì yóò wọlé láti ẹ̀yìn. Okùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ gùn ju jíjìn omi lọ ní ìlọ́po mẹ́ta, ní ìlọ́po márùn-ún bí ìgbì bá wà: omi mítà 25 fẹ́ okùn mítà 75 sí 125. Bí ìdákọ̀ró kò bá kan ilẹ̀, ẹ so garawa tàbí àwọ̀n dídì mọ́ okùn iwájú náà, kí imú ọkọ̀ lè máa kọjú sí ìgbì.

Púlọ́ọ̀gì tuntun, okùn ìfà, ìṣó kékeré tí ó di abẹ ẹ́ńjìnnì mú, sípánà tí ó bá wọn mu, àjẹ̀ méjì, ohun tí a ó fi gbọ́n omi, fèrè, tọ́ọ̀ṣì, aṣọ aláwọ̀ ọsàn ńlá, àti lítà omi mímu mẹ́rin fún ẹnì kọ̀ọ̀kan: kí gbogbo rẹ̀ wà nínú ike kan tí a dé, tí a sì so mọ́ ọkọ̀. Bí ọkọ̀ bá dojú dé, ẹ dì mọ́ ọn. Etíkun máa ń dàbí ẹni pé ó súnmọ́ ju bí ó ti rí lọ, ọkọ̀ sì rọrùn láti rí láti òkèèrè ju orí èèyàn lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ẹ fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní ilẹ̀

Ẹ yan ẹnì kan tí kì í bá yín lọ, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún un: àwọ̀ ọkọ̀, orúkọ àwọn tí ó wà nínú rẹ̀, ibi tí ẹ ń lọ, máìlì tí ẹ kò ní kọjá, àti wákàtí tí ẹ ó wọlé. Oòrùn wa máa ń wọ̀ láàrin nǹkan bíi aago mẹ́fà ààbọ̀ sí méje, ilẹ̀ a sì yára ṣú, nítorí náà kí wákàtí yẹn má kọjá aago mẹ́rin ààbọ̀. Ẹ fún un ní wákàtí mìíràn pẹ̀lú, wákàtí kan lẹ́yìn ti àkọ́kọ́, tí yóò gbé fóònù láìdúró gba àṣẹ ẹnikẹ́ni: 112 fún pàjáwìrì, lẹ́yìn náà ẹgbẹ́ apẹja, kí wọ́n lè dé ọ̀dọ̀ ibùdó ìgbàlà ojú òkun tí NIMASA, àjọ ìjọba tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi, ní ní Èkó. Bí ẹ bá ní rédíò VHF, ìkànnì 16 ni ẹ ó fi pe ìrànlọ́wọ́.

Ohun kan wà tí ẹni náà gbọ́dọ̀ sọ fún àwọn tí yóò wá yín. Ìṣàn omi òkun Guinea máa ń gbé nǹkan láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn ní etíkun wa lọ́pọ̀ ìgbà, nǹkan bíi máìlì kan ní wákàtí. Ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ní ìta Orímẹ́dù, tí kò sì rí ilẹ̀ dákọ̀ró sí, lè ti rin máìlì mẹ́fà sí ìlà-oòrùn kí ó tó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìwákiri láti ibi tí ẹ kọ sílẹ̀, kí wọ́n sì máa lọ sí apá Ìlàjẹ.